Òkúta tí ilẹ̀ bí, òkúta tí iná bí: Ta ló ń yẹ̀ wọ́n wò kó tó sanwó?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ De Beers, àwọn tí orúkọ wọn àti díámọ́ńdì ti jọ ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́, kéde pé àwọn fẹ́ ti Lightbox pa. Lightbox ni ẹ̀ka tí wọ́n fi ń ta díámọ́ńdì àfọwọ́ṣe, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe nínú ẹ̀rọ. Lọ́dún 2018 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, 800 dọ́là ni wọ́n ń ta káráàtì kan. Kí ó tó pé ọdún méje, iye díámọ́ńdì àfọwọ́ṣe lọ́jà ti já wálẹ̀ gidi, torí pé iléeṣẹ́ tó lè ṣe é ti pọ̀ ní China àti India, wọ́n sì ń bá ara wọn du oníbàárà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àjọ GIA ní Amẹ́ríkà, tí àwọn oníṣòwò òkúta iyebíye káàkiri ayé ń gba ìwé àyẹ̀wò wọn gbọ́, sọ pé àwọn ò ní máa fi òṣùwọ̀n àwọ̀ àti ìmọ́gaara tí àwọn ń lò fún díámọ́ńdì inú ilẹ̀ wọn ti àfọwọ́ṣe mọ́. Kí kálukú máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá ńbẹ̀, ṣé díámọ́ńdì ló wà lóko wa ni? Òkúta iyebíye mìíràn wà níbẹ̀ o. Tourmaline aláwọ̀ píǹkì àti pupa tí wọ́n rí ní agbègbè Ogbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1998 wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn oníṣòwò òkè òkun mọ orúkọ wa nínú ọjà yìí. Àwọn awakùsà wà ní Komu ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, wọ́n wà ní agbègbè Ìsẹ́yìn, wọ́n sì wà ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní Òkè-Ògùn. Ẹni tó bá mọ Òjóò n'Ìbàdàn mọ̀ pé kì í ṣe mọ́tò nìkan ló ń gbéra níbẹ̀. Ọjà òkúta wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé nínú àpò ṣòkòtò tàbí nínú bébà tí wọ́n ká pọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọjà owó gọbọi.

Àmọ́ kì í ṣe awakùsà àti àlejò láti òkè òkun nìkan ló ń rà mọ́. Irú èèyàn kan tún ti wọ ọjà yìí: ẹni tó ń kó òkúta jọ fún ìgbádùn ara rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ni, tàbí tíṣà, tàbí obìnrin tó rí kírísítálì lórí TikTok tó sì wù ú láti gbé méjì mẹ́ta sórí tábìlì rẹ̀. Òkúta ẹyọ kan, ẹyọ méjì, ni wọ́n ń rà. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń rí i, wọ́n á sanwó, wọ́n á sì máa retí ẹni tó máa gbé e wá. Àwọn wọ̀nyí ló rọrùn jù láti rẹ́ jẹ. Lójú tèmi, àwọn náà ló lè tún ọjà náà ṣe, tí wọ́n bá mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ tú palẹ̀. "Àfọwọ́ṣe" àti "ayédèrú" kì í ṣe ọ̀kan náà. Díámọ́ńdì tí wọ́n ṣe nínú ẹ̀rọ, díámọ́ńdì ni. Ohun tó wà nínú tinú ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó le bíi tirẹ̀, ó sì ń tàn bíi tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bí i ló yàtọ̀. Ayédèrú ni kí ẹnì kan fọ́ dígí aláwọ̀ ewé, kó gé e dáadáa, kó wá pè é ní tourmaline. Ìkẹta tún wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: òkúta tó ti inú ilẹ̀ wá lóòótọ́, àmọ́ tí wọ́n ti dáná sun, tí wọ́n ti pa láró, tàbí tí wọ́n ti fi nǹkan bò lára kí àwọ̀ rẹ̀ lè wu ojú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní iye tirẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní ẹni tó fẹ́ ẹ. Jìbìtì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹni tó ń tà ti gbé orúkọ ọ̀kan fún èkejì.

Amẹ́ríkà pàápàá ti ṣe àtúnṣe lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2018, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ tó ní díámọ́ńdì gbọ́dọ̀ ti inú ilẹ̀ wá kúrò nínú ìtumọ̀ díámọ́ńdì. Àmọ́ wọ́n ní ẹni tó bá ń ta ti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé ti ẹ̀rọ ni. Ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má tà á. Kí wọ́n ṣáà ti sọ ohun tó jẹ́.

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ tuntun lèyí. Kì í ṣe tuntun rárá. Lọ́dún 1902 ni Auguste Verneuil, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti sọ fáráyé bí òun ṣe ń ṣe ruby. Ó ń da ìyẹ̀fun sínú iná tó gbóná gan-an, ìyẹ̀fun náà ń yọ́, ó ń kán sílẹ̀ bí epo àbẹ́là, ó sì ń dì bó ṣe ń kán. Títí dòní wọ́n ṣì ń lo ọ̀nà yẹn. Òkúta pupa tó wà lára ọ̀pọ̀ òrùka àtijọ́ tí àwọn ìyá àgbà fi sílẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kó sì pé ọgọ́rùn-ún ọdún láìjẹ́ pé ilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1954, iléeṣẹ́ General Electric ṣe díámọ́ńdì ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1955. Nígbà tó di 1976, cubic zirconia, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń pè ní CZ, dé ọjà. Ìyẹn kì í ṣe díámọ́ńdì rárá, ó kàn jọ ọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi rédíò gbọ́ wa gan-an, ẹ ò mọ̀ pé kírísítálì wà nínú ọ̀rọ̀ wa. Quartz ni wọ́n máa ń fi ṣàkóso ìgbì tí rédíò ń gbà rìn kó má baà ṣáko lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Brazil ni wọ́n ti ń kó quartz inú ilẹ̀ tó dára tó fún iṣẹ́ yẹn. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa ń gbìn ín nínú ìkòkò irin tó kún fún omi gbígbóná tó wà lábẹ́ agbára ńlá. Èyí tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ òde òní àti nínú aago ọwọ́, àfọwọ́ṣe ni púpọ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ayédèrú, torí kò sẹ́ni tó parọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ohun tí ẹni tó ń kó òkúta jọ máa ń bá pàdé gan-an, torí kì í ṣe díámọ́ńdì ni.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni citrine. Quartz aláwọ̀ òféfèé ni. Èyí tó bá jáde bẹ́ẹ̀ láti inú ilẹ̀ kì í sábà dán yanran, ó máa ń rí bí omi tíì tí kò ní mílíìkì nínú, nígbà mìíràn ó máa ń ní èéfín díẹ̀. Àmọ́ èyí tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n jù lórí, tí ìdí rẹ̀ wá funfun bí ẹfun, amethyst ni wọ́n dáná sun. Amethyst ni quartz tó ní àwọ̀ elésè àlùkò. Tí iná bá ti kọjá 400 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọ̀ náà máa ń yí padà. Òkúta inú ilẹ̀ ṣì ni, kò ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n iye amethyst tí wọ́n sun kọ́ ni iye citrine tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe, ẹni tó ń rà á sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀.

Opalite ńkọ́? Dígí ni. Ó máa ń tàn búlúù, tí ẹ bá gbé e síwájú iná ó máa ń pọ́n díẹ̀, ó sì rẹwà. Àmọ́ wọ́n ń tà á bí opal tàbí moonstone fún ẹni tí kò mọ̀. Goldstone, tó dà bíi pé wọ́n da wúrà wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, dígí náà ni. Bàbà ló ń tàn nínú rẹ̀. Àwọn ará Venice ní Ítálì ni wọ́n ti ń ṣe é láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọdún sẹ́yìn. "Cherry quartz" àti "smelt quartz" kì í ṣe quartz, dígí ni wọ́n. Òkúta tó ní gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè lára, tí wọ́n ń pè ní aura quartz, quartz ni, àmọ́ wọ́n fi irin bíi titanium bò ó nínú ẹ̀rọ. Bismuth tó rí bí àtẹ̀gùn kékeré tó yí ká, tó ń dán pẹ̀lú oríṣiríṣi àwọ̀, èèyàn ló yọ́ irin náà tó sì jẹ́ kó dì. Ooru 271 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó láti yọ́ ọ, èèyàn lè ṣe é nílé ìdáná. Tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé inú ihò kan ló ti wú èyí jáde, ẹ bá a rẹ́rìn-ín.

Èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín jù ni ti álọ́ọ̀mù. Ẹ mọ álọ́ọ̀mù, àbí? Èyí tí wọ́n ń fi sínú omi kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè rogún sísàlẹ̀. Wọ́n á fi àwọ̀ sí i, wọ́n á jẹ́ kó hù sínú èèpo òkúta kan tó ní ihò nínú, wọ́n á wá tà á lówó ńlá pé kírísítálì tó ṣọ̀wọ́n ni. Ẹ fi òwú tó rin díẹ̀ kàn án níbi tí kò hàn. Álọ́ọ̀mù máa ń yọ́ nínú omi, ó máa lẹ̀ mọ́ òwú náà. Quartz ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún òkúta búlúù tó mọ́ roro, tó jẹ́ pé copper sulphate ni wọ́n fi gbìn ín. Májèlé ni. Ẹ má fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án.

Báwo lèèyàn ṣe wá máa dá wọn mọ̀? Ohun àkọ́kọ́ téèyàn máa rà ni awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, èyí tí àwọn oníṣòwò òkúta ń pè ní loupe. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú dáadáa, kí ẹ wá mú òkúta sún mọ́ awò náà. Tí ẹ bá rí ihò afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó nínú rẹ̀, bíi ti inú omi ọṣẹ, dígí ni yóò jẹ́, tàbí ohun tí wọ́n fi iná yọ́. Tí ẹ bá rí ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ bí ìlà orí àwo orin àtijọ́ nínú òkúta pupa tàbí búlúù, ọ̀nà Verneuil ni wọ́n fi ṣe é, torí inú òkúta tí ilẹ̀ bí, tààrà ni ìlà ìdàgbàsókè máa ń lọ, ó sì máa ń ní igun. Àwọ̀ tó kó jọ sínú sísán òkúta nìkan, tí ibi tó kù ṣì funfun, aró ni wọ́n pa á. Ọ̀pọ̀ òkúta búlúù tí wọ́n ń pè ní turquoise, howlite funfun tí wọ́n pa láró ni.

Ohun kejì ni ìrísí rẹ̀. Èyí wúlò gan-an fún wa níbí nítorí tourmaline. Tí ẹ bá gbé ọ̀pá tourmaline tí wọn ò tíì gé, ìlà tín-ín-rín máa ń wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá wo orí rẹ̀ níbi tó ti kán, ó máa ń ní igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú síta díẹ̀. Quartz ní tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà ló ní, ìlà ara rẹ̀ sì máa ń dábùú ni, kì í lọ sókè. Ẹ tún yí tourmaline náà nínú ìmọ́lẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ sábà máa ń yàtọ̀ sí àwọ̀ rẹ̀ láti orí. Dígí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sì mú un gbóná díẹ̀, ó lè máa fa eérú mọ́ra. Àwọn ará Netherlands ayé àtijọ́ tilẹ̀ fún un lórúkọ tó túmọ̀ sí afeérú.

Níbi tí mo fẹ́ kí àwọn ará Òjóò gbọ́ mi dáadáa nìyí: kò sẹ́ni tó ń ṣe tourmaline nínú ẹ̀rọ láti fi tà lọ́jà òkúta ẹ̀ṣọ́. Ó nira, kò sì mówó wọlé fún wọn. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá tí wọ́n ní "tourmaline láàbù" ni, dígí ni yóò jẹ́, tàbí CZ, tàbí spinel àfọwọ́ṣe tí wọ́n fún ní àwọ̀ náà. Ìyẹn ni pé ọ̀tá òkúta tiwa, ọ̀tá tí ojú àti ọwọ́ lè mú ni.

Ohun kẹta ni ìwúwo, èyí ni mo fẹ́ràn jù torí kò sí ẹni tó lè fi ẹnu dídùn yí i padà. Ẹ wá síkéèlì kékeré tó ń fi nọ́ńbà hàn. Ẹ wọn òkúta náà ní gbígbẹ, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá gbé ife omi lé síkéèlì, ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú ìránṣọ tín-ín-rín so òkúta náà, ẹ fi ọwọ́ dì í mú, kí gbogbo rẹ̀ wọ inú omi, àmọ́ kó má kan ìdí ife tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tó bá jáde ni kí ẹ fi pín iye àkọ́kọ́. Ká ní òkúta wúwo ní gíráàmù 15.9 ní gbígbẹ, tí síkéèlì sì fi 6 hàn nígbà tó wà nínú omi. 15.9 tí a bá fi 6 pín in, 2.65 ni. Quartz nìyẹn. Tourmaline máa ń wà ní àyíká 3.1, topaz 3.5, ruby àti sapphire 4.0, CZ lé ní 5.5. Nítorí náà ẹni tó bá ta quartz fún yín bíi topaz, síkéèlì máa tú àṣírí rẹ̀ kí tíì yín tó tutù. Àléébù tó wà ńbẹ̀ ni pé òkúta tí kò tó gíráàmù kan nílò síkéèlì tó dára ju ti ilé ìdáná lọ, àti pé dígí ò ní iye kan ṣoṣo. Dígí lásán lè sún mọ́ quartz gan-an, èyí tó ní òjé nínú sì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí awò àti síkéèlì jọ ṣiṣẹ́.

Ti líle, ẹ rọra. Lọ́dún 1812 ni Friedrich Mohs to àwọn òkúta láti 1 dé 10 bí wọ́n ṣe le sí. Díámọ́ńdì ni 10, quartz 7, èékánná wa ò ju 2.5 lọ, dígí wà ní àyíká 5.5. Àwọn oníṣòwò kan máa ń fi òkúta ha dígí níwájú oníbàárà, wọ́n á ní "ẹ wò ó, ojúlówó ni." Ohun tí ìyẹn fi hàn kò ju pé ó le ju dígí lọ. CZ máa ha dígí. Ruby àfọwọ́ṣe máa ha dígí. Quartz tí ẹ ṣà lẹ́bàá ọ̀nà máa ha dígí. Àwọn mìíràn sì ní òòlù kì í fọ́ díámọ́ńdì gidi. Irọ́ ni o! Ó le lóòótọ́, àmọ́ ó ní ibi tó ti máa ń là, òòlù kan ti tó. Ẹ má fi òkúta yín dán an wò.

Ẹ̀rọ kékeré tó dà bíi bírò ńkọ́, èyí tó máa ń dún "píì" nínú fídíò Instagram? Bí òkúta ṣe ń gbé ooru kọjá ni púpọ̀ nínú wọn ń wọ̀n. Moissanite, tó jẹ́ òkúta mìíràn tí wọ́n ń ṣe nínú ẹ̀rọ tí wọ́n sì ń tà fún ohun ẹ̀ṣọ́ láti 1998, máa ń jẹ́ kó dún bíi díámọ́ńdì. Díámọ́ńdì àfọwọ́ṣe náà máa ń jẹ́ kó dún, torí díámọ́ńdì ni. Ariwo yẹn kò sọ ibi tí wọ́n ti bí i. Moissanite ní tirẹ̀, tí ẹ bá fi awò wo inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, etí ibi tí wọ́n gé máa ń di méjì-méjì lójú yín.

Ó wá ku ibi tí agbára ẹni tó wà nílé pin sí. Amethyst àfọwọ́ṣe tó mọ́, tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì ti dán, ìwúwo rẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú tinú ilẹ̀, líle rẹ̀ kan náà ni, awò lè má rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Láàbù ló máa ń ya wọ́n sọ́tọ̀, nígbà mìíràn láàbù pàápàá máa ń laagùn. Èyí ló fà á tí mo fi máa ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó má ra èyí tí wọ́n ti gé. Kó ra èyí tó ṣì wà lára àpáta rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ fi hàn pé wọ́n ya á kúrò níbì kan, tí ìdọ̀tí ilẹ̀ ṣì wà nínú kọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò dán bíi ti fídíò, àmọ́ ó ṣòro láti parọ́ rẹ̀. Ẹ fi í sọ́kàn pé ọ̀pá gíga tó ní ṣóńṣó lórí, tí gbogbo ara rẹ̀ ń dán, ẹ̀rọ ló gé e bẹ́ẹ̀, kódà bí òkúta náà bá ti inú ilẹ̀ wá.

Ìpalára àìmọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń rà nìkan o. Ẹni tó ń wà á náà ń jẹ nínú rẹ̀. Tourmaline kan wà tó ní bàbà nínú, tí àwọ̀ búlúù rẹ̀ ń tàn bí iná. Ìpínlẹ̀ Paraíba ní Brazil ni ayé ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1980, orúkọ ibẹ̀ ló sì ń jẹ́. Lọ́dún 2001, irú rẹ̀ jáde láti Nàìjíríà. Ní 2006, àpapọ̀ àwọn láàbù ńlá tó ń yẹ òkúta wò fẹnu kò pé èyí tó bá ti ní bàbà àti àwọ̀ yẹn, wọ́n lè pè é ní Paraíba, ibi yòówù kó ti wá. Èyí tó dára nínú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni káráàtì kan. Ojú lásán kò lè fi bàbà náà hàn. Ẹ wá ro ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé òkúta búlúù jáde láti inú kòtò, tó ń bẹ̀rù kí òjò má mú un lójú ọ̀nà, tó wá tà á bíi tourmaline lásán nítorí owó tó máa fi jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó rà á mọ ohun tó rà. Òun kò mọ ohun tó tà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pariwo dígí tí wọ́n ta fún oníbàárà, àmọ́ ta ló ń pariwo èyí?

Ó sì ń dùn mí torí pé iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní Igbó Olókun n'Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Ìwádìí wọn fi hàn pé àwọn ará ibẹ̀ ló ń ṣe dígí náà fúnra wọn láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, pẹ̀lú ohun tí wọ́n rí ní agbègbè wọn. Dígí ni sẹ̀gi. Iná ló bí i, ọba sì ń wọ̀ ọ́ sọ́rùn. Kò sẹ́ni tó fi í bú ẹnikẹ́ni, torí sẹ̀gi ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní iyùn. Lónìí tí wọ́n ń ta rọ́bà pupa fún ìyàwó ojú ọ̀nà lórúkọ iyùn, a mọ̀ pé àwọn tó wà ní Ifẹ̀ nígbà náà mọ iṣẹ́ wọn jù wá lọ.

Kí ló wá kù ní ṣíṣe? Láti ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024 tí ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà n'Ìbàdàn, tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé sì sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ síbẹ̀, ojú tí ìjọba àti aráàlú fi ń wo ẹni tó bá ti di òkúta lọ́wọ́ ti yàtọ̀. Òfin àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2007 ti sọ ọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ wà á tàbí fi í ṣòwò gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹni tó ń kó òkúta jọ fún ìgbádùn, kó má ṣe lọ máa gbẹ́lẹ̀ kiri nínú oko olóko, kó sì rà lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé.

Àwọn aṣáájú ọjà ní tiwọn, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kò ná wọn lówó púpọ̀. Kí rìsíìtì máa sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin: inú ilẹ̀, inú ilẹ̀ tí wọ́n tún ṣe, àfọwọ́ṣe, dígí. Ẹni tó bá kọ "inú ilẹ̀" sórí dígí, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́ níyà láàárín ara wọn. Ohun kejì yóò ná ìjọba lówó díẹ̀: ibi àyẹ̀wò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà gan-an, tí owó rẹ̀ kò ní ga ju agbára ẹni tó gbé òkúta kan ṣoṣo wá láti Komu, tó máa gba èsì rẹ̀ kó tó wọ mọ́tò padà. Owó orí tí ìjọba ń retí láti inú ọjà yìí, inú òkúta tí wọ́n ta ní iye rẹ̀ ló ti máa wá, kì í ṣe inú èyí tí wọ́n gbé lọ bí òkúta ẹ̀bá ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó o jọ nílé, kẹ́ ẹ tó sanwó lórí WhatsApp, ẹ ní kí wọ́n ya fídíò òkúta náà lójú oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ iná aláwọ̀, kí wọ́n yí i dé ìdí. Ẹ béèrè ibi tó ti wá. Ẹni tó bá dáhùn pé "òkè òkun" nìkan kò tíì dáhùn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n sun ún tàbí wọ́n pa á láró, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kó má jẹ́ ohùn lásán. Tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ fi awò wò ó, kí ẹ wá gé bébà kékeré kan tẹ́ ẹ máa fi sínú ike pẹ̀lú rẹ̀: orúkọ òkúta, ìlú tó ti wá, ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, iye tẹ́ ẹ rà á, ẹni tó tà á, àti nọ́ńbà tí síkéèlì yín fi hàn.